Wúfà Tó Fẹ́ Gba Bẹ́ẹ̀dì Rẹ

                                                  Yàrá Ìsàlẹ̀,
                                                  Ilé Ọmọ Mi Ọkùnrin,
                                                  Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópó Ilé-Omi.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Eyínmẹ́nugún, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o? Ojú tí dókítà ṣe fún ọ ńkọ́, ṣé ó ti ń ríran kedere, àbí o ṣì ń kí òpó iná ní ẹ káàárọ̀ sà? Ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́, ṣé ó ti di ẹrù ìrìn-àjò rẹ̀ tán? Orúnkún rẹ ńkọ́, tọ̀tún ni mò ń bèèrè, torí mo mọ̀ pé tòsì ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan rí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tí o fi kọ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló wà ní àlàáfíà, inú mi dùn. Èmi náà wà. Orúnkún mi méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé mi. Eyín mi, inú kọ́ọ̀bù ló ń sùn báyìí. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Eyínmẹ́nugún, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó ṣe kọ ọ́, kó má torí pé ọkọ rẹ̀ ni mò ń bú kó wá máa fi ṣúgà sí i. Ó ní òun ò ní fi ṣúgà sí i. Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ọ̀rọ̀ mi. O ní kí n sọ fún ọ bóyá kí o máa di ẹrù bọ̀ tàbí kí o ṣì ní sùúrù. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ ni mo ṣe dákẹ́. Mo dákẹ́ torí pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò mọ̀ bóyá èmi gan-an alára ṣì ní yàrá nínú ilé yìí. Wúfà ló fà á. Jókòó dáadáa kí n rò ó fún ọ.

Ṣé o rántí yàrá mi, èyí tó wà nísàlẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé? Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀, tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ra tìrẹ, nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ rẹ ń lọ sókè òkun, pé ìwọ nìkan ló máa kù nínú ilé, pé èmi àtìwọ la máa jọ gbé. Ó ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí." Mo gbàdúrà fún un lọ́jọ́ náà títí tó fi ń wo aago.

Àṣé ọmọ yìí ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Yàrá ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di yàrá sinimá. Sinimá nínú ilé. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, tó ní òmíràn níbi tó ń sùn, tó tún ní ọ̀kan lọ́wọ́ tó ń pè ní fóònù, ó ní ìyẹn ò tó. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri yíká, wọ́n ní kí ohùn má baà ta padà. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn débi pé tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ síbẹ̀, kí o tètè lọ ra òmíràn. Wọ́n so eesí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n gbé àga aláwọ méjì wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí mọ́tò. O tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè, ó rọra dá ọ dùbúlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n bá fi ojú èèyàn hàn, ihò imú onítọ̀hún nìkan tó orí mi.

Mo ní ṣé ó ti parí. Ó ní rárá, ó ku wúfà.

Mo ní kí ló ń jẹ́ wúfà. Ó ní àpótí ni, ó ní ẹnu ńlá kan níwájú. Àwọn sípíkà tó kù ló ń sọ̀rọ̀, tirẹ̀ kàn ni kó máa hó gììì nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní tí ilé bá wó nínú fíìmù, wúfà ló máa jẹ́ kó dà bíi pé tèèyàn ló wó. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kó dà bíi pé ilé òun wó, kí ló dé tí ò kúkú pe àwọn tó ń wó ilé. Ó ní èmi ò lè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, mi ò lè mọ̀ ọ́n, mo sì dúpẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí Wúrà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, tí orin bá ti ń lọ, á di ojú bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Wọ́n ní etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn ò lè gbọ́. Mi ò bá etí náà jà, àmọ́ mo kíyè sí i pé tí ìyàwó ọmọ mi bá ní kó gbé abọ́ tó fi jẹun dé ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, kì í gbọ́. Òun ló mú oníwúfà wá. Oníwúfà yìí wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí kò rí omi fọ̀ wọ́n, "sà" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "sà" náà ló fi ń parí rẹ̀.

Ó gbé wúfà méjì wá kí wọ́n mú ọ̀kan. Ọ̀kan kékeré, kò ju àpótí ìjókòó inú ilé ìdáná lọ. Èkejì tó fíríìjì kékeré, ńṣe ni wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé. Kékeré ò ní ihò kankan lára. Ńlá ní ihò kan nísàlẹ̀ tí ọwọ́ mi lè wọ̀. Torí ihò yìí, wọ́n jiyàn títí oúnjẹ fi tutù níwájú wọn. Oníwúfà ní èyí tó ní ihò ló máa ń bú ramúramù. Etí Wúrà ní èyí tí kò ní ihò ni ohùn tirẹ̀ máa ń gún. Ọmọ mi ní èwo ló tóbi jù. Bó ṣe bèèrè ìyẹn, mo ti mọ̀ pé ó ti mú. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Tí o bá gbé ẹran àti eegun síwájú rẹ̀, eegun ló máa mú, tó bá ti jẹ́ òun ló tóbi.

Ìyàwó rẹ̀ rọra ní, "Ṣé kékeré yẹn ò tó yàrá yìí ni?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú wò ó bíi pé abọ́ ló já lọ́wọ́ rẹ̀. Oníwúfà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màdáàmù, ọ̀rọ̀ wúfà jinlẹ̀, mà." Ibi tí ìyàwó ń kọ ìyẹn dé báyìí, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mi ò ní kó fà á.

Wọ́n tan ńlá. Fíìmù ọkọ̀ òfurufú kan ni. Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ gbọ̀n. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń kan ara wọn, eyín mi ń jó nínú kọ́ọ̀bù, aago ara ògiri já bọ́. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ wá jẹ́ kìkì gbùùùù, bí ẹni tó ki orí bọ àgbá tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun táwọn èèyàn inú fíìmù ń sọ, a ò gbọ́ ẹyọ kan. Ọmọ mi tẹjú mọ́ oníwúfà. Oníwúfà ò tiẹ̀ mira. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri yíká. Ó ní, "Sà, wúfà ò lẹ́bi, sà. Yàrá yín ló kéré. Ohùn náà ò ríbi nasẹ̀ sí, sà."

Wàá rò pé ẹni tó lọ́pọlọ á ní, gbé ńlá rẹ kúrò, gbé kékeré wá. Ó tì. Ọmọ tí mo bí, tí mo rán níléèwé, tí báńkì fi jẹ ọ̀gá, ó ní báwo la ṣe máa mú yàrá tóbi. Oníwúfà bá na ìka sí ògiri tó wà láàárín tiwa àti tiwọn. Ó ní tí wọ́n bá wó ìyẹn, ohùn á ríbi nasẹ̀.

Kí n tó mọ̀, bíríkìlà ti wà nínú yàrá mi. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, òun dúró ti tìrẹ, ó ń fi ìka kan ògiri, kó-kó-kó, ó ń fetí sí i bí dókítà. Ó ní ó máa rọrùn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi wọlé wá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín tó ń rín, mo mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń rín nígbà tó bá ti fọ́ nǹkan. Ó ní, "Màmá, yàrá kan wà lókè o, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀ gan-an."

Mo ní, "Èyí tí ẹ ń kó páálí sí?"

Ó ní, "A máa kó páálí kúrò."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀dì mélòó ló gbà?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó gba ọ̀kan dáadáa."

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, a máa wá nǹkan ṣe sí i."

Mo mọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n ti ń wá nǹkan ṣe sí òrùlé ilé ìdáná láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọlé yìí, ó ṣì ń jò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ mi ti fi bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣe pàṣípààrọ̀ àpótí tó lu lára. Yàrá òkè ọ̀hún, pẹ̀lú orúnkún tèmi ti tìrẹ, àtẹ̀gùn rẹ̀ nìkan á ti pa wá ká tó débẹ̀. Mi ò sunkún, mi ò sì bú u. Mo ní, "Mo gbọ́." Ó rò pé mo ti gbà nìyẹn. Ó fò dìde, ó ń súfèé lọ. Súfèé yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tó di Sátidé, bíríkìlà gbé òòlù ńlá dé. Etí Wúrà ló dá a dúró. Ó ní kí wọ́n tó wó nǹkan kan, àyẹ̀wò kan wà táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ohùn máa ń ṣe. Ó ní ibi tí wọ́n bá gbé wúfà sí nínú ilé ló ń sọ bó ṣe máa dún. Láti wá ibẹ̀ rí, wọ́n á gbé wúfà fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga onílé, wọ́n á ní kó máa dún. Onílé á wá máa rákòrò nílẹ̀ kiri, etí sílẹ̀. Ibi tó bá ti dùn jù létí rẹ̀, ibẹ̀ ni wúfà máa wà.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bá ní kí ìyàwó gbé àga wá fún mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí irú èyí kì í ṣe ohun tí mo lè máa fi orúnkún yìí dúró wò.

Wọ́n gbé wúfà jókòó sórí àga aláwọ bí àlejò pàtàkì, wọ́n tún tẹ nǹkan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga gbé ẹsẹ̀ sókè fún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹlẹ̀, ó di pẹrẹu. Etí Wúrà ṣíwájú, ó di ojú. Ọ̀gá báńkì tẹ̀ lé e, ikùn ń wọ́ nílẹ̀. Oníwúfà ló kẹ́yìn. Kò fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ilẹ̀, ló bá gbé ìdí sókè bí ewúrẹ́ tó ń mumi lódò. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré, kò rákòrò rí? Ó kàn dìde lọ́jọ́ kan, ó rìn, gbogbo àdúgbò wá wò ó. Àṣé ńṣe ló ń tọ́jú rírá pamọ́ de ìgbà tó bá hu irun àyà.

Bíríkìlà wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òòlù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n ń wá?"

Mo ní, "Ọpọlọ wọn."

Ó ní, "Ṣé ó ti pẹ́ tó sọnù?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí wúfà dé ni."

Ó mi orí, ó ní, "Ó máa wà nítòsí nígbà náà."

Wọ́n rá dé igun kan, Etí Wúrà ní ó ń hó jù. Wọ́n rá dé ìkejì, ó ní ó gbẹ. Wọ́n rá yíká gbogbo yàrá, kò sí ibi tó tẹ́ etí náà lọ́rùn. Wọ́n bá rá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè kí wọ́n ráyè kọjá. Wọ́n rá wọ yàrá mi lọ. Mo kàn gbọ́ ohùn Etí Wúrà láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni, ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ibí ni." Ọmọ mi náà ki orí bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oníwúfà gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ìdí mẹ́ta ló kọjú sí mi, orí kankan ò sí níbẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn lábẹ́ ọ̀hún. "Ó mọ́." "Ó gún régé." "Ẹ ò rí i, sà." Wọ́n jáde, eruku kún irun wọn, wọ́n wá tò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tìrẹ, wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí. Fíìmù ń lọ lọ́hùn-ún, nínú yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bò, kò sí ẹni tó ń wò ó, àfi wúfà tó nasẹ̀ lórí àga. Àwọn tó ni ín wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì arúgbó.

Ọmọ mi la ojú. Ó ní, "Màmá, yàrá yín yìí ló dùn jù nínú gbogbo ilé yìí."

Oníwúfà ní, "Ẹ ò rí i pé ògiri yìí gbọ́dọ̀ lọ, sà."

Bíríkìlà gbá òòlù mú. Bí mo ṣe ń wo òòlù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ tí àwọn àgbàyà mẹ́ta jókòó lé. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣebí ẹ ní yàrá mi ló dùn jù?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Ẹ sì fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ èyí tí kò dùn?"

Etí Wúrà ń gbọn eruku irun rẹ̀ dà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Mo ní, "Ẹ má wó nǹkan kan. Ẹ kó sinimá yín wá síbí, níbi tó ti dùn. Èmi á máa fara da yàrá ọ̀hún." Mo mí kanlẹ̀ níbi "fara da" yẹn. Mo tún fọwọ́ di ìbàdí díẹ̀.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí kí ẹnì kan nínú wọn má lọ ronú. Mi ò mọ ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù, ìgbà wo ni wọ́n ń ronú? Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ògiri ló sẹ́ ẹ fún wọn bí ẹni sẹ́ ògì. Tí wúfà bá wọnú ibẹ̀, kí ni ògiri fẹ́ sẹ́? Ó hàn sí bíríkìlà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó, ó gbé òòlù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Oníwúfà ti ń pàtẹ́wọ́, torí ọjà rẹ̀ ti tà. Etí Wúrà ní òun ti ní in lọ́kàn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ní kò sí irú ìyá bíi tèmi. Mo ní mo mọ̀.

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n kó o. Tẹlifíṣọ̀n gba ògiri kan tán, ó tún dí fèrèsé pa. Wúfà gba ààrin ilẹ̀. Ó wá ku àga. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi kéré sí tọ̀hún. Wọ́n gbé àga dúró, wọ́n gbé e dùbúlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́, kò wọlé. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kò burú, n ó máa fara da òun náà. Tìmùtìmù, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kápẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀. Eesí, ẹni tó so ó ò gbé fóònù. Èmi àti ìyàwó bá ti bẹ́ẹ̀dì wa méjèèjì wọ yàrá ńlá yẹn, a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè ṣì kù tí a lè fi jó.

Àwọn ọ̀gbẹ́ni wá ń wo sinimá lórí àpótí ìjókòó ilé ìdáná, orúnkún kan orúnkún, òógùn ń ṣàn. Tẹlifíṣọ̀n sún mọ́ wọn débi pé tí ẹnì kan bá ń sá nínú fíìmù, wọ́n á yí ọrùn láti ọ̀tún dé òsì kí wọ́n tó lè rí i dé ibi tó ń lọ. Ohùn ọ̀hún ṣì ni, gbùùùù. Etí Wúrà ní wúfà náà ṣì jẹ́ tuntun, kó ṣì máa la ohùn. Ọmọ mi ní ó dùn. Mo bi ìyàwó pé kí ló ń dùn níbẹ̀. Ó ní ìtìjú ni. Lọ́dọ̀ tèmi, tí mo bá ti tilẹ̀kùn, tìmùtìmù á gbé ariwo mì, bẹ́ẹ̀dì á kàn máa rọra gbọ̀n bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kí wọ́n máa rẹ̀ mí lọ.

Lánàá, ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀, orí ń fọ́ mi." Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga, ó wo òkè títí. Ó ní, "Màmá, ibí yìí dákẹ́ o." Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo ṣe é." Oorun gbé e lọ, ẹnu là sílẹ̀. Òpònú ni, àmọ́ èmi ni mo bí i. Mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tó jí, ó rí bẹ́ẹ̀dì kejì tí a ti tẹ́. Ó wò ó fúngbà díẹ̀, kò wojú mi. Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?" Mo ní, "Ìgbà tí o bá sọ." Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun á wá fi mọ́tò gbé ọ fúnra òun, lọ́jọ́ yòówù tí ọmọ rẹ bá gbéra.

Nítorí náà, máa di ẹrù. Má ṣe jẹ́ kó pẹ́ rárá. Láàárọ̀ yìí, oníwúfà tún dé. Ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní wúfà kan ò pé, sà, pé méjì ló máa ń jẹ́ kí ohùn dọ́gba, sà. Bó ṣe ń sọ ọ́, ilẹ̀kùn mi ló ń wò. Tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò bọ̀, mo fẹ́ kí wọ́n bá èèyàn méjì níbẹ̀, kí ìwọ wà lórí àga tìrẹ, kí èmi wà lórí tèmi, ká gbé ẹsẹ̀ sókè, ká tilẹ̀kùn.

Bá mi kí ọmọ rẹ, kí ó má gbàgbé láti mú aṣọ òtútù dání. Kí dókítà ojú náà fún mi. Ìyàwó ní òun kí ọ o, pé òun ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Èmi ni tìrẹ, tó ń bá ọ ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì,
Ẹlẹ́nu Ṣámúṣámú.